Ẹ̀bẹ̀ Ìyá Dáúdà ní Kóòtù Ọ̀jọ́

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi èèyàn joyè nítorí ẹ̀bẹ̀ ni, Ìyá Dáúdà ì bá ti di olóyè ńlá ní Okokomaiko. Àwọn òṣìṣẹ́ NEPA wá já iná ilé rẹ̀ nígbà kan, mínírà ni wọ́n mu tí wọ́n fi gbé àkàbà wọn padà lọ. Kì í fi ẹnu lásán bẹ̀bẹ̀. Yóò kọ́kọ́ tú gèlè, yóò fi í gbàdí, yóò wá fi orúnkún kan kúnlẹ̀ kó tó rọra gbé ìkejì tẹ̀lé e, nítorí làkúrègbé. Kí orúnkún kejì yẹn tó kanlẹ̀, ẹni tí ń bínú á ti máa wí pé, "Ó tó, mà, ẹ dìde." Wáyà iná ló ń tà ní Alaba, àmọ́ ohun tó fi ń yangàn ni pé láti ọjọ́ tóun ti kọ́lé, kò sí ayálégbé òun tó dé ilé ẹjọ́ rí. "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ló máa ń wí, a sì máa wí i bí ẹni pé bàbá tó bí i lọ́mọ ló dá òwe náà sílẹ̀.

Inú ilé yìí ni Ọláyíwọlá àti Eunice ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ọmọ Èkìtì ni Ọláyíwọlá, akọ̀wé ni ní yunifásítì, olóhùn iyọ̀ sì ni nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá ń kí àgbà láàárọ̀, àyà rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Aṣọ ni Eunice ń rán, níwájú ilé níbẹ̀. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀, tẹ́nikẹ́ni kì í sọ síta, ni pé ọ̀gbẹ́ni olóhùn iyọ̀ yìí ń lu ìyàwó rẹ̀. Nígbàkigbà tí igbe bá ta, Ìyá Dáúdà ni yóò kan ilẹ̀kùn. Yóò bẹ ọkọ, yóò ní kí ìyàwó náà kúnlẹ̀ bẹ ọkọ, yóò ní kí wọ́n dì mọ́ra, yóò sì padà lọ sùn pẹ̀lú ayọ̀ pé òun ti parí ìjà. Bó bá ti parí ọ̀kan ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń yà á lẹ́nu ní gbogbo ìgbà.

Lọ́dún ìkànìyàn, ìyẹn 1991, kété lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Ọláyíwọlá ṣẹ́ Eunice lápá. Ìyá Dáúdà bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ náà débi pé ọkọ sunkún. Eunice ò sunkún. Nígbà tí apá náà san díẹ̀, ó gba kóòtù ìbílẹ̀ lọ ní Ọ̀jọ́. Ó ní kí wọ́n tú àwọn ká, kí ọkọ òun kó jáde, kí yàrá náà sì wà fún òun àti Ọmọ́bọ́lá ọmọ òun, torí ibẹ̀ ni maṣíìnì òun wà, ibẹ̀ làwọn oníbàárà mọ̀. Bí wọn ò bá gbà, kò síbi tóun fẹ́ lọ ju kóun padà sínú yàrá kan náà pẹ̀lú ọkùnrin tóun ti pè lẹ́jọ́.

Kóòtù rán Arábìnrin Adéjọkẹ́ wá sílé, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tí ìjọba ní kí wọ́n máa rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé. Obìnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ti rí àwọn ọlọ́pàá, ó ti rí Ọ̀gbẹ́ni Ọládélé, alága àwọn onílé àdúgbò, gbogbo wọn sì ti ṣetán láti dúró ti Eunice bí kóòtù bá ti lè pàṣẹ.

"Ṣùgbọ́n kóòtù ò lè dá ẹjọ́ ohun tẹ́nì kankan ò rí," ló wí fún Ìyá Dáúdà. "Ọkọ ẹ̀ ní ṣe ló ṣubú ní balùwẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wà nílé, mà. Ṣé ẹ máa wá?"

"Ká wá kẹ̀? Gbogbo wa la máa wá."

Inú Adéjọkẹ́ dùn, ó dúpẹ́, ó lọ. Kò mọ̀ pé lójú Ìyá Dáúdà, kò sí ìdí méjì tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ pe àgbà lórí ìjà.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ìyá kó àwọn ayálégbé rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ti kọ́ wọn ní gbogbo ohun tí wọn yóò wí. Eunice dá jókòó síwájú, ó gbé apá tí kò tíì le dáadáa lé itan. Wàsíù mẹkáníìkì, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ààrẹ kóòtù, bàbá àgbà kan báyìí tó wọ awò, ní kó sọ ohun tó rí. Wàsíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Olúwa mi, ẹ fojú fò ó, sà. Bọ̀dá Ọláyíwọlá kì í ṣe èèyàn burúkú. Iṣẹ́ èṣù ni."

"Mi ò bi ọ́ bóyá èèyàn burúkú ni. Ṣé ó lù ú?"

"Ẹ ṣe é tìtorí tèmi, sà."

Wọ́n ní kó dìde, ó kọ̀. Ó ní àfi kí wọ́n gbà fóun ná. Akọ̀wé kóòtù ló fà á dìde nílẹ̀. Ọláyíwọlá rọra ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Adéjọkẹ́ fọwọ́ bojú.

Kí wọ́n tó pe Ìyá Dáúdà, gèlè ti wà nídìí rẹ̀. Orúnkún kìíní kanlẹ̀, ìkejì tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. "Olúwa mi," ó ní, "ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

Ààrẹ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún un wọ̀.

"Ẹ̀bẹ̀ dáa, ìyá. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti bí mi, wọn kì í bẹ̀bẹ̀ láìdárúkọ ẹ̀ṣẹ̀. Kí ni kí n forí ẹ̀ jì í? Ẹ tò ó fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ èyí tí mò ń gbà."

Ojú ti Ìyá Dáúdà díẹ̀. Òótọ́ ni bàbá yìí sọ. Èèyàn bíi tòun, tó ti bẹ̀bẹ̀ dàgbà, ni adájọ́ ń kọ́ lẹ́bẹ̀! Ó tún orúnkún ṣe, ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ bó ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ forí jì í, ti ìgbà Iléyá, tó fi bẹ́líìtì nà án tí ẹ̀yìn ẹ̀ bó, torí pé oúnjẹ pẹ́."

Akọ̀wé kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

"Ẹ forí jì í, ti ìgbà tó tì í síta sínú òjò, tòun toyún. Oyún yẹn ò dúró, Olúwa mi. Ẹ forí jì í." Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. "Ẹ forí jì í, ti apá tó lọ́ títí tó fi ṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Mo gbọ́ bó ṣe dún."

Ó wo Eunice. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni Ìyá Dáúdà ti ń bẹ̀bẹ̀ ọ̀ràn wọ̀nyí. Kò tò wọ́n síwájú ara wọn rí. Bó ti rí wọn pọ̀ yìí, ẹ̀rù bà á, ìtìjú sì bò ó, nítorí ó rántí pé lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Eunice lòun ní kó kúnlẹ̀.

"Ẹ máa bá ẹ̀bẹ̀ yín lọ," Ààrẹ wí.

"Mi ò bẹ̀ mọ́, sà."

Ọláyíwọlá fò dìde. "Mọ́mì, ṣebí a ti parí gbogbo ẹ̀ nílé?"

"Èmi ni mo parí ẹ̀," Ìyá Dáúdà dá a lóhùn. "Ìwọ ò parí ẹ̀."

Kóòtù tú wọn ká. Ààrẹ ní kí ọlọ́pàá tẹ̀ lé Ọláyíwọlá lọ kó ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá tún yọjú sí àdúgbò, kí Ọládélé ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, kí ọlọ́pàá mú un wá sí kóòtù. Adéjọkẹ́ yóò máa wá wo Eunice lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ààrẹ wá yíjú sí Ìyá Dáúdà, ó ní bí ọkùnrin náà bá wá bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kó júwe ọ̀nà kóòtù fún un, torí òun náà fẹ́ràn ẹ̀bẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

Níta, ó lé Eunice bá. Orúnkún méjèèjì ló fi kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lórí yanrìn gbígbóná. "Eunice, forí jì mí. Mo máa ń ní kó o kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń lù ọ́."

Gbogbo wọn dúró. Bí ẹni tó tó ìyá ẹni bá kúnlẹ̀ fún ẹni, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù láti sọ: ó ti tán. Eunice fi apá tó le gbé ìyá dìde, ó gbọn yanrìn kúrò lára ìró rẹ̀.

"Mo gbọ́, mà," ó ní. "Ṣùgbọ́n kò tíì tán lọ́kàn mi."

Wàsíù ti ń múra àtidọ̀bálẹ̀ kó lè ti ẹ̀bẹ̀ náà lẹ́yìn. Ìyá Dáúdà di ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, ó fà á dìde.

"Dákẹ́," ó ní. "Jẹ́ kó sinmi."