Ewé Bálì Tí Kò Ṣí

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mi ò fi bá Genzo sọ̀rọ̀. Oko wa pààlà létí òkun ní agbègbè Ehime, ẹ̀yìn ni mo sì máa ń kọ sí i tí mo bá ń roko. Ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi nípàdé lọ́dún ìjì ńlá ò tíì tán nínú mi.

Nígbà ìkórè tó kọjá, ó tún dé. Ó sọ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pé irúgbìn ọkà bálì kúkúrú tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ti dàpọ̀ mọ́ bálì gíga, torí pé bálì igun kan nínú oko mi ga ju ìyókù lọ. Ẹgbẹ́ ní tó bá jẹ́ òótọ́, mi ò gbọdọ̀ gbìn ín mọ́.

Mo mọ ohun tó mú igun náà ga. Nígbà òtútù, a máa ń fẹsẹ̀ tẹ bálì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù mọ́lẹ̀ kó lè le, kó má ga jù. Lọ́dún yẹn, orúnkún ń dùn mí, mi ò tẹ igun yẹn. Ṣé Genzo ni n ó wá sọ ìyẹn fún?

Chinami, ọmọ ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn, gbin irúgbìn mi àti ti bálì gíga sínú òkùnkùn. Ewé wọn ká bí ẹní. Ó gé wọn sínú àwo méjì, ó da omi èròjà ìdàgbà sí wọn.

"Gbogbo bálì ló ní èròjà yìí lára," ló wí. "Òun ló ń pàṣẹ kí ewé ṣí, kí pòròpórò rẹ̀ ga. Bálì kúkúrú náà ní in, kì í kàn gbọ́ àṣẹ ni. Bàbá Àgbà, tí ewé tiyín bá ṣí, ó ti dàpọ̀ nìyẹn."

Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo ẹgbẹ́ pé. Ewé bálì gíga ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ogójì ewé tèmi, kò sí ẹyọ kan tó ṣí.

Genzo bẹ̀rẹ̀ mọ́ àwo náà. "À ń pè é, kò dáhùn. Ó mà jọ ẹni tó ni ín o!"

Mi ò mọ̀gbà tí mo bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló wá mú igun yẹn ga?" Genzo bi mí.

"Orúnkún ni. Mi ò tẹ̀ ẹ́."

"O ò sì lè pè mí?"

"Ìwọ kẹ̀?"

"Alágídí burúkú!"

Nígbà tí òtútù dé, ó wọ bàtà rọ́bà wá, ó ń tẹ bálì mi. Mo jókòó sórí àpótí.

"Genzo, o fo ìlà kan!"

"Dìde wá tẹ̀ ẹ́!"

"Tẹ̀ ẹ́ dáadáa jàre, irúgbìn bàbá mi ni!"