Ìwé Tí A Pín Kà

Ní ilé ìdìwé tí àǹtí mi mú mi lọ, ìbéèrè kan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán. Màmá Abẹ́rẹ́, tó ń fi abẹ́rẹ́ rán ìwé, tó sì dàgbà jù nínú wa, á nu ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ, á mí kanlẹ̀, á ní: "Ó yá, ibo ni kálukú dé?"

Ìwé ìtàn la máa ń dì jù. Bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń ti ilé ìtẹ̀wé wá, a óò ká a títí á fi di ìdì kékeré olójú-ewé mẹ́rìndínlógún. Ìdì méje ló máa ń di ìwé kan. Ìdì kan náà, tàbí méjì péré, ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ká léraléra láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ibi tó bá wà lọ́wọ́ ẹ nìkan lo máa mọ̀ nínú ìtàn. Ẹni tó mọ̀ pé ìyàwó kúrò nílé kò mọ ohun tó lé e jáde. Ẹni tó mọ ohun tó lé e jáde kò mọ̀ bóyá ó padà. Ọ̀sán la fi ń so ó pọ̀.

"Ọwọ́ tèmi ni wọ́n ti sin káfíńtà," àǹtí mi ní, lọ́sàn-án ọjọ́ tí a ká ìwé ìtàn káfíńtà kan.

"Lọ́wọ́ tèmi ó ṣì ń jẹun," Onígọ́ọ̀mù dáhùn. Òun ló ń lẹ ẹ̀yìn ìwé, kò sì sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. "Ó tún ń bá àna rẹ̀ jà lórí oúnjẹ ọ̀hún. Ẹ gbà mí, òkú ń fá àwo!"

Màmá Abẹ́rẹ́ dájọ́. "A kì í sin èèyàn tán kó tún wá máa jẹun. Tìẹ ló ṣáájú, Onígọ́ọ̀mù. Ó jẹun, ó jà, ó kú. Bí ayé ṣe rí nìyẹn."

Adákẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Bàbá mi ló kọ́ mi ní ìwé kíkà nílé, títí mo sì fi pé ogún ọdún, àwọn tí mo mọ̀ kò ju ará ilé wa lọ. Oṣù mẹ́ta ni Ọ̀gá fi ń dán ẹni tuntun wò. Bí mo bá kùnà, ilé yá. Mi ò sì fẹ́ padà. Iṣẹ́ náà ń pa mí lẹ́yìn, ọrùn mi ń le bí igi, ṣùgbọ́n wákàtí kan tí mo fi ń gbọ́ àwọn àgbà yìí lójúmọ́, òun ni mo ń jí fún.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní kí n to ìdì ìwé káfíńtà náà sórí tábìlì gígùn. Iṣẹ́ ẹni tuntun ni: ìdì kìíní lápá òsì, ìkejì tẹ̀ lé e, títí dé ìkeje. Lẹ́yìn náà gbogbo wa á máa rìn yí tábìlì ká, à ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ìwé á fi pé. Nọ́ńbà wà lẹ́sẹ̀ ojú ewé. Mi ò wò ó, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Káfíńtà ló kún orí mi. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá Abẹ́rẹ́ ni mo ṣe tò ó: oúnjẹ ṣáájú, ìsìnkú tẹ̀ lé e. Igba ìwé la kó jọ lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ àwọn àgbà ń wú, kò sì sẹ́ni tó fura, torí bó ṣe wà lórí tábìlì ló ṣe wà nínú orí kálukú wa.

Lọ́jọ́rú, Ọ̀gá wá wo òwú tí a fi ń rán àwọn ìwé náà. Obìnrin gíga ni, ẹni tí oorun kì í tó. Ó ṣí ìwé kan. "Méjìdínláàádọ́ta," ó ka nọ́ńbà ẹsẹ̀ ewé. Ó ṣí ewé. "Márùndínláàádọ́rin." Ó ṣí òmíràn, bákan náà. Òwú sì ti wọ ọgọ́fà nínú wọn.

"Ta ló to ìdì?"

Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé, èmi tí mi ò lọ iléèwé rí.

"O ò mọ nọ́ńbà ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ọ̀gá kò mọ̀ pé à ń ka ohun tí à ń dì. Òfin ilé iṣẹ́ náà wà lára ògiri: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàwé lẹ́nu iṣẹ́. Bí mo bá sọ òótọ́, mo tú àṣírí àwọn àgbà. Bí mi ò bá sọ, mo di ẹni tí kò mọ nọ́ńbà. Àǹtí mi ń wolẹ̀. Mo dákẹ́, torí ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ọmọ yìí ò lè ṣe é," Ọ̀gá sọ fún àǹtí mi. Kò pariwo. "Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, mú un padà sílé."

"Èmi ni mo ní kó tò ó bẹ́ẹ̀." Màmá Abẹ́rẹ́ kò dìde.

"Ẹ̀yin? Màmá, ọdún mọ́kàndínlógún lẹ ti wà níbí."

"Mo mọ iye ẹ̀. Káfíńtà kan ni. Ó kú nínú ìdì kẹrin, ó ń jẹun nínú ìkarùn-ún. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀."

"Káfíńtà wo?"

Onígọ́ọ̀mù fi ọwọ́ bo ẹnu kó má bàa rẹ́rìn-ín, gọ́ọ̀mù sì lẹ̀ mọ́ ọn létè.

"À ń kà á," Màmá Abẹ́rẹ́ ní. "Gbogbo wa, láti ọjọ́ tí mo ti dé. Lọ́sàn-án la fi ń sọ ọ́ fún ara wa. Ọmọ yìí gbọ́rọ̀ sí àgbà lẹ́nu, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ lé èèyàn, ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀gá jókòó sórí àpótí bébà.

"Ẹ mọ̀ pé mi ò lè rí ẹni tó lè rán ìwé bíi tiyín," ó ní. "Kí ọmọ náà dúró. Ẹ tú ọgọ́fà náà, kí ẹ tún un rán. Láti òní lọ, nọ́ńbà nìkan ni kí ojú yín máa wò. Bí mo bá tún gbọ́ káfíńtà níbí, gbogbo yín lẹ máa lọ."

Mo dúró. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo torí ẹ̀ fẹ́ dúró ti lọ.

Ọjọ́ méjì la fi tú òwú. O máa fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gbé e, o máa gé e, o máa fà á díẹ̀díẹ̀ kí ihò má bàa ya. Ìka wa bó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, ẹnu ara wa tó ń jẹun nìkan là ń gbọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Onígọ́ọ̀mù ní: "Tibi iṣẹ́ ni Ọ̀gá ní ká má kà. Kò dárúkọ tilé. Ìwé wo lẹ ń kà nílé?"

"Tí mo bá délé, bẹ́ẹ̀dì ni mò ń kà," àǹtí mi ní.

"Ojú ewé kelòó lo dé?"

"Mi ò tíì kọjá èèpo ẹ̀yìn."

"Màmá ńkọ́?"

Màmá Abẹ́rẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò ní ìwé kankan nílé. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mi ò ní ẹyọ kan."

Onígọ́ọ̀mù ò ní. Àǹtí mi ò ní. Mò ń bá a gbé, mo mọ̀.

Èmi ní ọ̀kan. Ìtàn obìnrin kan tó ń ṣọ́ afárá ni. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, wọ́n á jẹun tán, wọ́n á dìde, bẹ́ẹ̀ la ó sì máa ṣe é lọ títí.

"Mo ní ọ̀kan," mo ní.

"Ta ló sọ̀rọ̀?" Onígọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ tábìlì.

"Fi ọmọ sílẹ̀ jàre." Màmá Abẹ́rẹ́ yí sí mi. "O ti kà á débo?"

"Mo ti kà á tán lẹ́ẹ̀mẹta, mà."

"Ṣeun. Bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Mi ò lókun àtito nǹkan kan mọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ohùn mi kéré débi pé wọ́n ní láti fa àpótí wọn sún mọ́ mi. Ká tó dé ibi tí omi ti ń gòkè, àǹtí mi ti sùn. Màmá Abẹ́rẹ́ náà pajú dé, ni mo bá dánu dúró.

"Máa sọ ọ́ lọ," ó ní. "Má sáré. Mò ń gbọ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni."