Ilé Ìfọṣọ Tí Wọ́n Kan Fèrèsé Rẹ̀ Pa

Ẹ bá mi wo Lahbib, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń dáná ní Agadir, nílẹ̀ Morocco. Bó bá ti rí àlejò, àyà rẹ̀ á wú bíi ti tòlótòló: "Níbí o, a kì í ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ń fìyà jẹ òṣìṣẹ́!" Irọ́ gbuu.

Bourhim ló ń bá wa fọ aṣọ ìbùsùn, nínú ilé kan ní Inezgane, ìlú tó wà nítòsí wa. Ó kan gbogbo fèrèsé ibẹ̀ pa, kí àwọn obìnrin tó ń fọṣọ má baà máa wòta. Oògùn ìfọṣọ ń ta wọ́n lójú, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ti dákú rí. Tuda, ọ̀kan nínú àwọn afọṣọ náà tó máa ń kó aṣọ wá fún wa, ló sọ fún mi. Mo sọ fún Lahbib. Ó rẹ́rìn-ín.

"Alásè, aṣọ funfun ni mo ń rà. Ṣé mo ra fèrèsé mọ́ ọn ni?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àgbàlagbà!

Nígbà tó yá, Lalla Zhor dé; Lalla là ń pe ìyáàfin lọ́dọ̀ wa. Òun ló ń yan òtẹ́ẹ̀lì fún ilé iṣẹ́ kan tó ń kó arìnrìn-àjò wá. Ó ní òun fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ tí òun sùn lé.

"Ó dọ̀la, Lalla," ni Lahbib wí. Òógùn ti bò ó.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n gbé tíì àti msemen, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa, tẹ̀lé wọn. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti fa ìṣó yọ, wọ́n ti to òdòdó sójú fèrèsé, àwọn obìnrin sì jókòó sórí àga tìmùtìmù bí ìyàwó tuntun.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń sinmi lójoojúmọ́?" Zhor bi wọ́n.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Lalla!" Bourhim gbà á lẹ́nu wọn.

Tuda bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè torí àga purọ́. Àárọ̀ yìí ni wọ́n kó o dé láti òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ wo ara fèrèsé, ojú ìṣó ṣì dà bí egbò tuntun."

Zhor fi ìka kàn án wò. Lahbib yí ohùn padà kíá: "Bourhim, ìkà èèyàn! Mi ò mọ̀ rárá! Iṣẹ́ parí láàárín wa lónìí!"

"Ẹ jókòó, ọ̀gá," ni Zhor wí. "Tẹ́ ẹ bá lé e, níbo làwọn wọ̀nyí á ti jẹun? Ẹ fẹ́ kó fọṣọ lówó pọ́ọ́kú, ẹ tún fẹ́ ẹ kíákíá, ẹ ò bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ kan fèrèsé yìí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa tún un ṣe. Kó tó dìgbà yẹn, àlejò kan ò ní tọ̀dọ̀ mi wá."

Òtẹ́ẹ̀lì dá páropáro. Lahbib ń rìn kiri bí adìẹ tí òjò pa, títí ó fi gbà. Wọ́n ra ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, atẹ́gùn ń wọlé, àwọn obìnrin sì yan Tuda kó máa sọ̀rọ̀ fún wọn. Zhor padà wò ó kó tó kó àlejò wá.

Ẹ wá wo Lahbib aláìnítìjú! Lóṣù tó kọjá, ó pe àwọn ọlọ́tẹ́ẹ̀lì ìlú jọ, ó ń kọ́ wọn bí àánú ṣe ṣe òun tí òun fi gba àwọn obìnrin náà sílẹ̀. Èmi ni mò ń bu tíì fún wọn. Díẹ̀ ló kù kí n dà á sí i lórí.