Sòkòtò Tí Omi Kò Kàn Rí

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin alágbàfọ̀ náà, nítorí aṣọ tí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá lè bà jẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Báàfù ńlá mẹ́ta ló tò sẹ́yìn ilé. Okùn ìsáṣọ kan wà lábẹ́ òrùlé, òmíràn wà nínú oòrùn. Yàrá tó kángun sí àwọn báàfù yìí ni àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé. Oṣù mẹ́jọ rèé tí àbúrò náà ti dé láti ìlú tó ti ń ránṣọ, tòun ti ojú tó wú fún ẹkún. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù ló kó gbogbo jíìnsì tó gé tó sì rán, tòun ti pátánì wọn, lọ fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan, tó ní òun lòun ṣe wọ́n. Láti ìgbà náà, àbúrò ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ò fojú kan ọkùnrin náà rí, ṣùgbọ́n bó bá ti rántí rẹ̀, a máa ṣépè fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkùnrin kan tó ń ta sánsán lọ́fíńdà wọlé, ó gbé sòkòtò jíìnsì kan lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Láti ìgbà tí wọ́n ti hun aṣọ yìí, omi ò kàn án rí. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wọ̀ ọ́ láìfọ̀, kó lè ṣí bí ara mi ṣe rí. Ẹ wo bó ṣe ṣí lórúnkún, ẹ wo ojú ibi tí fóònù mi máa ń wà. Lọ́jọ́bọ̀, òun ni màá wọ̀ dúró níwájú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Omi tútù ni, ọṣẹ bíńtín, inú ló máa wà lóde. Mi ò ní fún un, abẹ́ òrùlé ni màá sì sá a sí."

Bó ti ń yí inú rẹ̀ síta ló rí i nísàlẹ̀ àpò òsì: òwú pupa, ojú abẹ́rẹ́ méjì tó dábùú ara wọn. Àbúrò rẹ̀ nìkan ló mọ̀ tó ń parí àpò báyẹn. Kò jẹ́ kó hàn lójú.

"Aṣọ yìí mà dára o. Ta ló rán an?"

"Èmi náà ni." Ọkùnrin náà tilẹ̀ fọwọ́ sọ àyà. "Èmi ni mo gé e, èmi ni mo rán an."

"Ẹ káre. Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀."

Kò tíì dé ìta gbangba tí obìnrin náà ti gbé ìkòkò ńlá kaná. Ó dúró tì í, kò lè jókòó. Omi ti ń hó gan-an nígbà tí àbúrò rẹ̀ yọjú, tó sì rí sòkòtò náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ ti rí i?"

"Olè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e wá. Mo fẹ́ sè é ni."

Àbúrò tẹ́ sòkòtò náà sórí itan, ó ń fi ìka tọ ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀. Kò tíì rán èyí tó dára tó o rí. Ẹ̀gbọ́n rò pé yóò bẹ òun kóun dá a sí.

"Ẹ gbé ìkòkò náà fún mi," ló wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Èmi ni màá da omi náà."

Ó dà á. Aró tú jáde, omi dúdú bíi yíǹkì, ooru bò wọ́n lójú. Wọ́n fi igi rò ó, wọ́n da òmíràn lé e, ẹ̀gbọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbo orúnkún rẹ̀ títí gbogbo ojú ibi tó ṣí fi di rúdurùdu. Wọ́n fún un bí ẹni ń fún ẹnì kan lọ́rùn, wọ́n wá sá a sójú oòrùn gangan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́bọ̀, ọkùnrin náà dé pẹ̀lú obìnrin ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ fi mọ́tò gbé e lọ sípàdé. Ó gba sòkòtò, ó gba ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ láti wọ̀ ọ́. Wọ́n ń gbọ́ bó ti ń fò, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó jáde, sòkòtò há mọ́ ọn nítan, síìpù yanu, ọrùn ẹsẹ̀ wà níta gbangba.

"Ẹ ti pa mí! Kí lẹ ṣe sí i?"

"Omi tó hó ni mo fi fọ̀ ọ́." Ohùn ẹ̀gbọ́n balẹ̀. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ rán an? Báwo ló ṣe máa ń súnkì tó?"

Obìnrin ilé-iṣẹ́ gbójú sókè. "Ohun tí mo ti ń bi yín láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ó tó báwo?"

Ọkùnrin náà yanu bíi síìpù rẹ̀. "Ó... ẹ mọ̀ pé aṣọ ju aṣọ lọ..."

"Ìka mẹ́ta lẹ́sẹ̀, ìka kan àtààbọ̀ níbàdí." Àbúrò ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Torí ẹ̀ ni mo ṣe gé e tóbi. Ẹ ní kó yí àpò òsì síta, ẹ máa rí òwú pupa mi. Gbogbo àwọn tó kó wá fún yín ló ní in."

Ọkùnrin náà yí i síta. Obìnrin ilé-iṣẹ́ wo òwú pupa náà, ó wá pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé.

"Ẹ wá mọ́tò mìíràn wọ̀ délé," ló sọ, ó sì bọ́ síta.

Àbúrò súnmọ́ ọkùnrin náà. "Bọ́ ọ sílẹ̀. Tèmi ni."

Ilé-iṣẹ́ náà ò ránṣẹ́ sí àbúrò o, àní lẹ́tà kan ò dé. Oníbàárà méjì sì wá kó aṣọ wọn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹni tó ń se aṣọ bí ẹ̀wà. Ìyá wọn gbọ́, ó wá sílé.

"Ìwọ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lo ṣe irú èyí? O ò tiẹ̀ kábàámọ̀?"

"Ohun kan ló dùn mí, Màámi. Olè yẹn ò sí nínú sòkòtò náà nígbà tí omi yẹn ń hó."

Ó yíjú sí báàfù, ó ń fi omi tútù ṣan búláòsì ẹnì kan, jẹ́jẹ́.