Ìwádìí ní Ṣọ́ọ̀bù Daniel

Wọ́n ti kìlọ̀ fún Felicia pé kó má yọjú. Bí wọ́n bá ń ṣèwádìí ìdílé ìyàwó, àwọn aládùúgbò ni wọ́n máa ń bi, ìyá ìyàwó kì í dá sí i. Ìyanuolúwa ọmọ rẹ̀ ti júwe ẹni tó ń bọ̀: Bàbá Olúsànyà, ẹ̀gbọ́n bàbá Adébọ̀wálé tó fẹ́ fẹ́ ẹ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó wọ gíláàsì, ìwé ìròyìn kì í sì í kúrò lábíyá rẹ̀. Bí ó bá pa dà lọ sọ pé ilé náà ò dára, ìgbéyàwó pin nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí Felicia fi jókòó síbi tó ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì, ní ojú ọ̀nà tóóró kan nísàlẹ̀ Mápó, tó ń to bọ́tìnnì tó ti tò tẹ́lẹ̀. Láti àná ló ti bá Daniel onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì sọ̀rọ̀.

"Daniel, bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé èèyàn dáadáa ni mí. Má fi kún un, má sì yọ kúrò níbẹ̀."

Daniel ní kó fọkàn balẹ̀.

Bàbá náà dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Daniel fún un ní bẹ́ǹṣì. Ọ̀nà náà ò fẹ̀ ju kí ọ̀kadà kan kọjá lọ, fèrèsé ṣọ́ọ̀bù sì ṣí sílẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni Felicia ń gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá tó ń ta òwú níwájú yìí, irú èèyàn wo ni wọ́n?"

Kí Daniel dáhùn ló kù. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri, "Àgbàlá Kan Náà" ló sì ń lọ lọ́wọ́, eré apanilẹ́rìn-ín tí gbogbo àdúgbò ń wò. Obìnrin inú eré náà, Ìyá Kánkán, tí kò lójúmọ́ kan tí kì í pariwo, ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi ìfọṣọ sí onílé rẹ̀ lára ni.

Daniel nawọ́ sí i. "Bàbá, ẹ rí i yẹn? Ìyá Ìyanu gan-an lẹ ń wò yẹn. Kò sí ìyàtọ̀!"

Felicia gbá orí mú. Daniel ti pa á.

Fàsásì ọlọ́kadà, tí Daniel ti gẹ ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kan tí kò tíì kan èkejì, kín ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. "Irọ́ kọ́ o! Lọ́jọ́ tí mo páàkì síwájú ọjà wọn, ohun tí wọ́n sọ sí mi, n ò lè sọ ọ́ níwájú àgbà."

"Ṣé ẹ ń yìn wọ́n ni, àbí ẹ ń bú wọn?"

"À ń yìn wọ́n kẹ̀!" ni Daniel fèsì. " Ta ni kò fẹ́ràn Ìyá Kánkán?"

"Èmi," ni Bàbá Olúsànyà wí. "Ariwo lásán. 'Tíṣà Àgbà' tó máa ń wá lọ́jọ́ Ajé ni eré. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ló ń ti ẹnu ọkùnrin yẹn jáde."

Fàsásì dìde tòun ti aṣọ ìgẹrun lọ́rùn. "Bàbá, eré táwọn èèyàn fi ń sùn! Ìgbà wo ló pa yín lẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ Ajé tó kọjá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ó dénú."

Bó ṣe di iṣu-ata-yán-an-yàn-an nìyẹn. Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi jiyàn lórí eré. Kò sẹ́ni tó rántí sọ pé Felicia dá tọ́ ọmọ mẹ́ta láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò sẹ́ni tó sọ pé kì í parọ́ fún oníbàárà. Nígbà tí Daniel bẹ̀rẹ̀ sí í sín ìrìn Tíṣà Àgbà jẹ, ara Felicia ò gbà á mọ́. Ó sọdá.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ọmọ mi ń lọ sílé ọkọ, eré lẹ jókòó tí ẹ ń jiyàn lé lórí! Daniel, ohun tí mo bẹ̀ ọ́ nìyí? Fàsásì, jókòó jàre, orí rẹ dà bí oko tí wọ́n ro ìdajì! Bàbá, ẹ kúu jókòó, sà. Èmi ni ìyá náà. Mo máa ń pariwo. Ẹ bi mí ní ohun tí ẹ fẹ́ bi mí, kí n lè pa dà sídìí ọjà mi."

Bàbá Olúsànyà ti gíláàsì rẹ̀ sókè.

"Ó dáa. Nínú eré méjèèjì, èwo lẹ̀yin fẹ́ràn?"

Felicia mọ èsì tó máa gbe ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni: Tíṣà Àgbà. Daniel ń ṣẹ́jú sí i lẹ́yìn bàbá náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde.

"N ò fẹ́ràn Ìyá Kánkán. Ó ń pariwo, kò yanjú nǹkan kan. Tèmi máa ń yanjú nǹkan. Ṣùgbọ́n Tíṣà yín ló burú jù. Ìyàwó rẹ̀ ń pọnmi, òun dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń sọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ká ní èmi ni, màá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, màá gbé korobá lé e lórí."

Fàsásì fọwọ́ bojú.

Bàbá náà ò rẹ́rìn-ín. "Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ṣèwádìí ìdílé ọkọ fún ọmọbìnrin àbúrò mi kan. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní oyin ni ìdílé náà. Wọ́n ti kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ. Ọmọ náà ti pa dà sílé wa tẹkún-tẹkún. Ó jọ pé ẹ̀yin ò kọ́ àwọn tiyín."

"Mo kọ́ wọn o, sà. Wọn ò gbọ́ ni."

Ìgbà yẹn ni bàbá náà wá rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ti ìwé ìròyìn bọ abíyá. "A máa wá tọrọ ọmọ yín lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú pa dà. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Tíṣà yẹn, ẹ ṣì í gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kó má pọnmi."

"Bàbá, mo wò ó. Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀!" Ó tún pa dà jókòó.

Lódìkejì, oníbàárà kan ń pe olówùú. Felicia ò wẹ̀yìn. "Ẹ dúró ńbẹ̀!" ló kígbe, ó sì fa àga kan síwájú bàbá náà.