Bí Ìbídùnní Ṣe Lọ Gbẹnu Sọ fún Tísà Ilẹ̀ Múróbá

Ẹ súnmọ́ mi, kí n rọ́ àlá tí àbúrò mi Ìbídùnní lá mọ́jú òní. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló ti ń ṣiṣẹ́.

Lójú àlá, ọ́fíìsì wọn ń léfòó lórí ọ̀sà bí igbá òfìfo. Kò yà á lẹ́nu. Ó wa ọkọ̀ tẹ̀lé e, ó sì gba ojú fèrèsé wọlé. Mínísítà ti ń retí rẹ̀.

"Ìbídùnní, wọ́n ti tísà kan mọ́lé ní ilẹ̀ Múróbá, torí ó béèrè ibi tí ìjọba gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Lọ bá wa sọ̀rọ̀ nípàdé àwọn orílẹ̀-èdè."

"Kí ni kí n sọ, sà?"

"Sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n má sọ nǹkan kan. Àwọn ló ń ta àlìkámà fún wa."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ìwo ń yọ lórí rẹ̀. Ó di òbúkọ, ó sì jẹ ìwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ fún Ìbídùnní láti kà nípàdé, tòun ti píìnì.

"Á gba ibi ire, sà," Ìbídùnní wí.

Àsíá tó wà ní kọ̀rọ̀ wá húkọ́. "Èmi ni kó o mú dání," ó ní.

"Ẹ ò wúwo?"

"Èmi fúnra mi fúyẹ́. Òmìnira àti òdodo tẹ́ ẹ ní mo dúró fún ló wúwo."

Ìbídùnní fi í ṣe ìborùn. Bó ṣe ní kóun jáde, àárín ìpàdé ló bọ́ sí. Aago ògiri ni alága. Àgádágodo ńlá kan tó wọ kóòtù ló ṣojú Múróbá.

"Kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ ilé wa?" Àgádágodo bi í. "Ṣé kò sí akọ̀ròyìn látìmọ́lé lọ́dọ̀ tiyín?"

Ojú ti Ìbídùnní. Ìborùn náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn bí àpò sìmẹ́ǹtì.

"Ó wà, sà," ó fèsì. "Bí òmìnira bá dára, kó dára nílé wa, kó dára nílé yín. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣílẹ̀kùn."

"Ta ni yóò kọ́kọ́ ṣí i?"

"Àwa ni."

Òbúkọ lúwẹ̀ẹ́ dé, omi ń kán lára rẹ̀. "Ìbídùnní, ta ló ní kó o sọ ìyẹn?"

"Ohun tẹ́ ẹ búra lé lórí ni, sà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbapò."

Òbúkọ jẹ àpọ̀jẹ títí, ó ronú. Ìwo rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn kan, akọ̀ròyìn ilé wa sì jáde, ó ń gbọn ṣòkòtò. Àgádágodo wò ó, ó wò ó, ó sì ṣí gbà.

Tísà jáde síta. Kò kí ẹnikẹ́ni. "Ọkọ mi ńkọ́?" ló wí.

Tísà fa àga, ó jókòó. "Màá dúró kẹ́ ẹ dá mi lóhùn."

Ìbídùnní jókòó tì í, ó fi ìdajì ìborùn náà bò ó.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ìkànkùn, ó sì jí. Ọkọ rẹ̀ ló wà ní balùwẹ̀.

"Ìbídùn, ilẹ̀kùn yìí tún ti há mọ́ mi. Jọ̀ọ́, bá mi fà á."

Kò tíì bọ́jú tó fi dìde lọ ṣí i.