Ojú Tó Yọ Nínú Láptọ́ọ̀pù Kékeré

Èjìká ọ̀tún obìnrin kan ló kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Akọ̀ròyìn ni obìnrin náà, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó jókòó sójú kan: bó bá wà nílé ẹjọ́ láàárọ̀, ó lè wà létí odò níbi tí afárá ti wó kó tó di ọ̀sán. Láptọ́ọ̀pù tí iléeṣẹ́ fún un wúwo bí ọlọ, bátìrì rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kú. Bó bá gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn àga iwájú kì í jẹ́ kó ṣí tán. Ó wá pinnu pé òun á ra kékeré kan tí yóò wọ inú àpò ìfàlọ́wọ́, tí apá òun yóò ká, tí yóò sì gba Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, láìjanpata. Linux ti mọ́ ọn lára. Ó ní kì í ṣe irú èyí tó máa ń dédé dá iṣẹ́ ẹni dúró pé òun fẹ́ tún ara òun ṣe.

Aláròyé ni wọ́n ń pè é nílé, torí pé láti kékeré ni kì í ti í gba nǹkan láìbéèrè ìdí. Bọ̀ọ̀dá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí bọ̀ọ̀dá yìí ti lọ sókè òkun, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń pe ìyá wọn. Ó ní kámẹ́rà fóònù òun ti bàjẹ́, nítorí náà ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́, pẹ̀lú atẹ́gùn kan tó máa ń fẹ́ fùù lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ìyá wọn a sì ní, "Ẹ gbọ́ bí òtútù ṣe ń na ọmọ mi."

Òun náà ni Aláròyé fọ̀rọ̀ lọ̀ kó tó jáde lọ rajà.

"Má wo kíkéré nìkan," ló sọ fún un. "Ibi Wáífáì ni Linux ti sábà máa ń ní wàhálà. Fi fílááṣì tí Linux wà nínú ẹ̀ tan án níṣojú ẹni tó ń tà á, kó o dán gbogbo ẹ̀ wò. Àmọ́ má dé òpópó tí wọ́n ti ń ta àlòkù yẹn o. Jìbìtì ló kún bẹ̀."

Ó kọ́kọ́ gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ti ń ta tuntun, ó rí ọ̀kan tó wù ú, ó gbọ́ iye rẹ̀, ó sì rọra dá a padà sórí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin. Láti ibẹ̀, ó gba òpópó àlòkù lọ.

Oníṣọ́ọ̀bù tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀ gbé awò ojú lé iwájú orí, ó sì ń wá a kiri orí tábìlì. Aláròyé fi ibi tó wà hàn án. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbé láptọ́ọ̀pù mẹ́ta síwájú rẹ̀. Ìrántí èkínní, tí wọ́n ń pè ní RAM, kò pọ̀, wọ́n sì ti jó o mọ́ inú ẹ̀rọ, kò ṣeé fi kún. Nígbà tó fi fílááṣì tan Linux lórí èkejì, kò rí Wáífáì kankan. Ẹ̀kẹta ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Etí rẹ̀ ti họ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ dáadáa. Ó mú Wáífáì, ohùn rẹ̀ já gaara, bó sì ṣe pa á dé tó tún ṣí i, ibi tó ti sùn ló ti jí.

"Dókítà wa ti yẹ ìyẹn wò," oníṣọ́ọ̀bù sọ. "Òun la máa ń gbé gbogbo ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn fún. Ẹni tó fẹ́ràn Linux yín yìí nìyẹn."

"Ó ku kámẹ́rà," Aláròyé fèsì.

Ó ṣí i. Ó rí ojú ara rẹ̀, òógùn lórí imú, àti kọ́tìnnì yàrá inú lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́tìnnì náà ṣí. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan jáde, ó gbé páálí ṣájà dání, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí.

Bọ̀ọ̀dá rẹ̀ ni.

Kò yíjú padà. Ó rò pé àwòrán àtijọ́ kan ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ rẹ̀ náà gòkè nínú ẹ̀rọ. Ọkùnrin ẹ̀yìn rẹ̀ náà gbójú sókè, ojú àwọn méjèèjì sì ṣe mẹ́rin nínú láptọ́ọ̀pù kékeré yẹn.

"Dókítà, ẹ wá dá oníbàárà lóhùn," oníṣọ́ọ̀bù pè é.

Aláròyé gbọ́ tí fáànù ńlá kan ń fẹ́ fùù nínú yàrá inú. Ó jókòó sórí páálí tó sún mọ́ ọn.

"Atẹ́gùn òkè òkun nìyẹn," ló sọ.

Bọ̀ọ̀dá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Wọ́n dá mi padà. Iléeṣẹ́ tó gbà mí kógbá sílé, ìwé ìgbélùú mi parí, wọ́n dá mi padà. Ó ti lé lọ́dún kan."

"Ọdún kan, Bọ̀ọ̀dá? Àìkú tó kọjá, ẹ ní ẹ wọ ẹ̀wù mẹ́ta léra."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sì wà níbí."

"Mo wà níbí. Màámi ti fi mí yangàn fún gbogbo àdúgbò. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ ọ́, wọ́n á ti máa gbàdúrà fún mi."

Aláròyé fẹ́ bínú, ìbínú kò wá. Ó na ìka kan, ó fi kan rùngbọ̀n bọ̀ọ̀dá rẹ̀, láti mọ̀ bóyá ènìyàn ni lóòótọ́. Ewú ti wà nínú rùngbọ̀n náà. Nígbà tó yá, ó dìde.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Ṣé lónìí?"

"Mi ò lè wo ojú Màámi kí n má sọ ọ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fúnra yín."

Ó sanwó láptọ́ọ̀pù náà, kò tiẹ̀ rántí ná an.

Ìyá wọn jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ká aṣọ gbígbẹ nígbà tí wọ́n wọlé. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo Aláròyé, ó tún wo ọkùnrin náà. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo lo dé?"

Aláròyé mọ̀ pé ó rọrùn fún bọ̀ọ̀dá òun láti sọ pé òní ni.

"Ó ti pẹ́, Màámi," bọ̀ọ̀dá rẹ̀ dáhùn. "Ó ti lé lọ́dún. Irọ́ ni mò ń pa fún yín."

Ìyá náà kò sunkún, kò sì pariwo. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ méjèèjì dúró síbẹ̀ títí tí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Nígbà tí ìyá wọn jáde, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ibo lò ń sùn?"

"Nínú ṣọ́ọ̀bù, Màámi."

"Lọ kó ẹrù ẹ wá."

Ó lọ, ó sì padà pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Ìyá wọn wo báàgì náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, Màámi."

Ìyá náà fa àga rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ọmọ rẹ̀ lè gbé báàgì náà wọlé.